Ọkùnrin Tó Kú Lẹ́ẹ̀mẹrin

Ẹ̀rọ agbẹ́kùúta ti bẹ̀rẹ̀ orúkọ kẹrin kí Ìbíjọkẹ́ tó rí ohun tó rí. Láti àárọ̀ ló ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀ nísàlẹ̀ fèrèsé, kẹ̀rẹ́-kẹ̀rẹ́-kẹ̀rẹ́, bí ìgbà tí eku bá ń jẹ ìdí àpótí, ariwo náà sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kò lè jókòó kó fìdí mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ kò le. Kó ka orúkọ àwọn tó bá Ìkún-Omi lọ, bí Akójọ, ẹ̀rọ tó ń kọ Ìwé Ìlú, ṣe tò ó sójú gíláàsì. Kó yọ àṣìṣe. Kó dán an. Kó wá fi ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, èyí tó fi ń ṣe ẹ̀rí, kan gíláàsì náà pé òun ti rí i. Ọ̀tunla ni ọgbọ̀n ọdún pé. Bó bá ti pé, wọ́n á gbé òkúta ìrántí dúró ní gbàgede ìlú Ìtùnú, wọ́n á sì ti Ìwé ọdún náà pa, kò sí ẹni tó tún lè ṣí i mọ́.

Igba èèyàn ó lé mẹ́sàn-án. Ó ka ọ̀kan, ó yí ìdí padà lórí àga. Ó ka èkejì, ó dìde lọ síbi fèrèsé, ó tún padà wá. Abọ́sẹ̀dé Ìṣọ̀lá. Adébìmpé ọmọ Tẹ̀là. Adígún Alágbẹ̀dẹ. Nígbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀kẹrin: "Adúmáadán. Ọkùnrin. A kò mọ bàbá rẹ̀, a kò mọ agbo ilé rẹ̀. Wọ́n rí i tó ń sáré lọ sínú omi nígbà tí gbogbo ayé ń sá jáde."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á. Ta ní í jẹ́ Adúmáadán lásán, bí ẹni tó já bọ́ láti ojú ọ̀run? Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń pe èèyàn bẹ́ẹ̀, Ìyá Délé, ìyàálé agbo ilé Arówólò níbi tí òun náà ti ṣe ìyàwó. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí Ìyá Délé ti di ẹni ilẹ̀. Obìnrin tó mọ àṣà ni, kò sì jẹ́ fi ẹnu rẹ̀ pe àbúrò ọkọ lórúkọ láé, nítorí ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ àpọ́nlé ni yóò wá fún un, èyí tó bá ojú àti ìwà ọmọ náà mu, òun nìkan ni yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ìka rẹ̀ ti ń sáré lọ sísàlẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó sọ ohun tó ń wá fún un. "Eyínfúnjowó. Ọkùnrin. A kò mọ bàbá rẹ̀. Wọ́n rí i tó ru ẹrù ẹlẹ́rù kọjá nínú omi." Ẹnu Ìyá Ọlọ́ṣẹ nìyẹn, ìyàwó kejì nínú agbo ilé, òun náà ti kú. Ó tún wá ìsàlẹ̀ lọ, ó sì bá ẹ̀kẹta níbi tó mọ̀ pé yóò wà: "Ọ̀rẹ́-Ìyàwó. Ọkùnrin. A kò mọ bàbá rẹ̀. Ó gbé obìnrin kan sórí òrùlé, omi sì gbé òun lọ."

Ẹnu òun fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tó sọ ọ́, aṣọ ẹlòmíràn ló wà lọ́rùn rẹ̀, ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó àwọn tó yè sí ló jókòó lé, ẹnì kan sì na ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí i lẹ́nu pé kó sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Lábẹ́ gbogbo orúkọ lójú gíláàsì, ìlà kan wà fún ìdí òkúta tí gbogbo ọmọ Ìtùnú ti mọ̀ lórí láti jẹ́léósinmi: "Fèrè ìkìlọ̀ kò dún, nítorí Ọlátẹ́jú Arówólò, olùṣọ́ fèrè, sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

Ọkùnrin kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ikú rẹ̀ sára òkúta lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú ọlá, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú èébú, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú gbogbo ìlú àfi obìnrin tó dúró síwájú gíláàsì yìí tó ń fi etí aṣọ nu àtẹ́lẹwọ́.

Ó pe Akójọ, ó sì sọ fún un pé ẹnì kan ni àwọn orúkọ mẹ́ta yìí, òun sì mọ ẹni náà: olùṣọ́ fèrè, àbúrò ọkọ òun, ni. Akójọ kì í bínú, ọ̀rọ̀ kì í sì í yà á lẹ́nu. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni, kì í ṣe ti ọkùnrin, kì í ṣe ti obìnrin. Ohùn gbogbo ìlú ni wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n fi ṣe é.

"Ẹnu kan tó láti yin òkú," ni Akójọ wí. "Ẹnu mẹ́ta la fi ń dá a lẹ́bi, ẹnu mẹ́ta náà la sì fi ń tú ẹ̀bi rẹ̀. Mo ní ẹnu mẹ́ta tó rí Ọlátẹ́jú Arówólò nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ilé fèrè. Ta ló tún mọ̀ pé òun ni Adúmáadán?"

Ìbíjọkẹ́ ní Ìyá Délé mọ̀, Ìyá Ọlọ́ṣẹ náà mọ̀.

"Àwọn méjèèjì ti kú. Ẹnu yín nìkan ló kù."

Ó bi í bóyá ọ̀nà míì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ èsì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń dán ìtàn nínú ilé yìí. Akójọ ní ọ̀nà míì wà, kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Bó ti wí bẹ́ẹ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí ìlẹ̀kẹ̀ kan gíláàsì.

Ìlẹ̀kẹ̀ kò kan gíláàsì. Ìbíjọkẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Alàgbà Òjélabí, olórí Ilé Akójọ, ó lọ, ó padà ní ìdajì ọ̀nà, ó tún lọ. Abọ́ gíláàsì kan wà lórí tábìlì bàbá náà, ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, okùn wọn ti já, wọn kò tan iná mọ́. Márùn-ún péré ní ọgbọ̀n ọdún. Adánìkanwí ni ìlú ń pe àwọn tó ni wọ́n, ìyẹn àwọn tó fi orúkọ ara wọn sí ìtàn. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ tó jẹ́ ẹnu rẹ̀, fún ọdún méje kò ní lè ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Bàbá náà ní kó jókòó. Kò lè jókòó. Ó dúró, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó sì ro ọ̀rọ̀ orúkọ mẹ́ta náà fún un látòkè délẹ̀, àfi ibì kan tó fò. Òjélabí fetí sílẹ̀, ó sì ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Akọni mẹ́ta tó lé kò pa ẹnikẹ́ni lára, ojo kan ṣoṣo náà sì ti kú láti ọgbọ̀n ọdún. Òkú kì í ka òkúta.

"Ọmọ rẹ̀ ń kà á, Bàbá," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Ọmọ rẹ̀ ló ń gbẹ́ ẹ."

Òótọ́ ni. Ìyàwó Ọlátẹ́jú ti lọ bímọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ nígbà tí omi dé, lẹ́yìn oṣù kan ló sì bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Bàbárímisá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kó tó dáyé. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò jẹ́ kó gbádùn orúkọ náà. Ọmọ ẹni tí Ìwé Ìlú dá lẹ́bi kì í ní ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀ kò ní ẹnu, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń fún wọn ni èyí tí ọwọ́ lè ṣe láìsọ̀rọ̀. Rímisá ń tọ́jú ẹ̀rọ agbẹ́kùúta.

Òjélabí gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Ó béèrè bóyá ó ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn omi. Oníkálùkù ló ní ìtàn tirẹ̀ nígbà náà. Ìtàn ni wọ́n fi jó ilé Arówólò. Ìtàn ni wọ́n fi na ẹni tó ń ta epo pa ní oríta, tí kò mọ ohunkóhun nípa fèrè. Ìgbà tí wọ́n gba ìtàn lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, tí wọ́n dà á pọ̀ sínú Akójọ, ni ìlú tó rí oorun sùn.

"Ìtàn tí kò lẹ́ni tó ni ín kì í dá ìjà sílẹ̀," ni ó wí.

"Kì í dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì yín lọ́nà, Bàbá, ta lẹ máa bi?"

Òjélabí yí ọ̀rọ̀ padà. Ó bi í pé oyún Fìyìnfólú, ọmọ Ìbíjọkẹ́, ti tó oṣù mélòó. Ìbíjọkẹ́ ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó bi í pé ẹnu mélòó ni wọ́n ní nílé. Èyí ni ibi tó ti ń sá fún láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnu mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ọmọ sínú Ìwé: bàbá ọmọ, ìyá ọmọ, àti àgbà kan nínú ẹbí. Bàbá Fìyìn ti kú, àwọn òbí ọkọ rẹ̀ kò sí mọ́. Ìbíjọkẹ́ nìkan ni àgbà tó kù. Bí ẹnu rẹ̀ bá kúrò níbẹ̀, nọ́ńbà ni Akójọ máa fún ọmọ náà títí yóò fi pé ọmọ ọdún méje.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ni Òjélabí wí. "Ṣé o ti wo ilé rẹ, Ìyá Fìyìn? Nítorí àbúrò ọkọ tó ti jẹrà, ṣé kí ọmọ ọmọ rẹ máa jẹ́ nọ́ńbà?"

Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ń jẹ òkúta lọ, kẹ̀rẹ́-kẹ̀rẹ́. Ìbíjọkẹ́ wo ilẹ̀, ó wo abọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun rẹ̀ nígbà púpọ̀ rí, ní ìsìnkú ọkọ rẹ̀, ní ìgbà tí Rímisá gbé omijé wọlé láti ilé-ẹ̀kọ́, ó sì máa ń gbé e mì. Àṣà ló fi ń bo ara rẹ̀ lójú. Ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ta ló máa bá a wí pé kò pe orúkọ Ọlátẹ́jú? Bí ó bá pe orúkọ náà pẹ́nrẹ́n, ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni pé kí ló gbé olùṣọ́ fèrè dé òrùlé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kì í ṣe nítorí tirẹ̀ nìkan," ni ó wí. "Èmi ni mo pè é kúrò níbẹ̀."

Òjélabí kò mira. Ọmọkùnrin méjì ni bàbá náà bí kí omi tó dé, gbogbo Ìtùnú ló mọ̀ pé kò bí òmíràn mọ́. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Ìwé funfun ló mú jáde, ìwé gidi, àti bírò kan tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, ó sì tì wọ́n sí i lórí tábìlì. Ó ní kí ó kọ ọ́ tán ná, nítorí òun kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rán an létí pé òfin ní kí ẹni tó ni ìtàn kà á fúnra rẹ̀, lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Lẹ́yìn náà ló fi ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sísàlẹ̀ pé kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, ariwo náà sì dá wáí.

Kí ó tó kọ ohunkóhun, Ìbíjọkẹ́ pe Fìyìn lórí ìlẹ̀kẹ̀. Kò fi òótọ́ pa mọ́. Ó sọ ọ́ ní ṣókí, bí ẹni tó ń ka ìròyìn, nítorí bí ó bá fà á gùn yóò sunkún. Fìyìn kò kígbe. Ó bi í bóyá kò lè dúró kí òun bí ọmọ náà, kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, kó tó wá ṣe ohun tó bá wù ú. Ìbíjọkẹ́ ní ọ̀tunla ni Ìwé pa dé, bí ó bá ti pa dé báyìí Rímisá kò ní ní ẹnu títí ayé. Fìyìn wá béèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ ti ní lọ́kàn fún ọmọ náà. Ìbíjọkẹ́ ti ní in lọ́kàn láti oṣù kẹta oyún, ó ti ń fi pe ọmọ náà nínú ara rẹ̀ bó bá ń fọ abọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbé e. Ìlẹ̀kẹ̀ kú lápá ibi tí Fìyìn wà.

Ó jókòó síbi ìjókòó kan lẹ́bàá fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti mú bírò lọ́wọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì ń wọ́ bíi ti ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí kọ́ ló burú jù. Iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún ti bà á lọ́wọ́ jẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Ní ọjọ́ ìkún-omi, àṣìṣe ṣẹlẹ̀." Ó kà á, ó rí i pé ó dán, ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Nínú ìdààmú ọjọ́ náà, a pe olùṣọ́ fèrè." Ta ni "a"? Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn. Ó pa á rẹ́. Inú ń bí i sí ara rẹ̀ gan-an. Ó wá kọ ọ́ pé, "Mo pè é. Irọ́ ni mo pa fún un," bírò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ẹ̀ẹ̀kan ló tún dúró. Ó ti dé ibi maṣínnì ìránṣọ, ojú sì tì í. Ó ro ó pé bí òun bá kọ ọ́ pé igi àjà wó lé òun lẹ́sẹ̀ lóòótọ́, ta ló máa já a nírọ́? Kò sí ẹnu kejì. Àwọn tó kù níbẹ̀ ni omi àti Ọlátẹ́jú. Ìtàn náà yóò rọrùn láti gbọ́, Rímisá pàápàá lè dárí jì í kó tó kà á tán. Ó jókòó ti èrò yìí fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi ìdí bírò gbá eyín. Lẹ́yìn náà ló kọ maṣínnì síbẹ̀, àti àwọ̀ rẹ̀.

Eruku funfun bo gbogbo inú ahéré agbẹ́kùúta nígbà tó wọlé. Òkúta náà dùbúlẹ̀ lórí irin, ó gùn ju èèyàn méjì lọ, orúkọ mẹ́ta àti ààbọ̀ ló wà lára rẹ̀. Adúmá ni wọ́n gbẹ́ tán kí ẹ̀rọ tó dúró. Rímisá ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò nínú lẹ́tà, eruku ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di ti arúgbó. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì bi í bóyá òun ló ṣe àṣìṣe kan tí wọ́n fi dá ẹ̀rọ dúró. Ìbíjọkẹ́ ní kì í ṣe òun. Òjélabí ti wọlé, ó dúró ti ilẹ̀kùn, kò jókòó.

Ìbíjọkẹ́ ṣí ìwé náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Èmi Ìbíjọkẹ́ Arówólò ni mo ni ìtàn yìí. Ọlátẹ́jú, àbúrò ọkọ mi, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò pe orúkọ yìí rí láyé mi.

"Mo ti lo oṣù méje nílé ọkọ nígbà náà. Omi ti ń gorí àkàsọ̀ ilé wa, mo sì rò pé ibẹ̀ náà ló máa mọ. Ìyá mi ra maṣínnì ìránṣọ kan fún mi, dúdú ni, ó ní òdòdó wúrà lára, mi ò lè dá a gbé. Ọkọ mi wà lóko. Mo pe Ọlátẹ́jú lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ilé fèrè ló wà. Mo ní igi àjà ti wó lé mi lẹ́sẹ̀, mi ò lè dìde. Mo parọ́ yìí nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ maṣínnì, kò ní wá.

"Ó wá. Ó bá mi lórí ìdúró. Ó wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó ní, 'Ìyàwó, èwo ni igi wó lé níbẹ̀?' Ó ń rẹ́rìn-ín. Kò bú mi. Ó gbé maṣínnì rù, ó gbé e dé òkè àjà, ó padà wá fà mí dé orí òrùlé. Ìgbà tó gun orí òrùlé ló rí i bí omi ṣe pọ̀ tó, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó kọjú sí ilé fèrè. Kò sá lọ. Ibẹ̀ ló ń padà lọ.

"Kó tó lọ, ó wò mí. Ó ní, 'Bí mo bá pẹ́, sọ fún wọn pé mo ń bọ̀.'

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó ká ìwé náà. Òjélabí rìn wá. Ó béèrè ẹni tó ni ìtàn náà, bí òfin ṣe wí. Ìbíjọkẹ́ ní òun ni. Bàbá náà mú àlùmọ́gàjí kékeré jáde, ó gé okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà ní ọrùn ọwọ́ Ìbíjọkẹ́, iná ìlẹ̀kẹ̀ sì kú kó tó jù ú sápò. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ tuntun kan lélẹ̀ lórí òkúta níwájú Rímisá. Ó ní wọ́n máa pa ìlà ìdí òkúta rẹ́ nínú Ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Oorun ọ̀sán ni àwọn ọmọ mi méjèèjì ń sùn," ni ó wí fún Ìbíjọkẹ́. "Fèrè ni wọn ì bá gbọ́." Ó sì jáde lọ.

Rímisá kò tíì fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ náà. Iná rẹ̀ ń tàn díẹ̀díẹ̀ láàárín eruku. Ìbíjọkẹ́ mọ̀ pé ẹnu kẹta tí Fìyìn ń wá fún ọmọ rẹ̀ wà lórí òkúta yẹn, nítorí ẹbí ni Rímisá, èrò náà sì gbóná lọ́kàn rẹ̀ débi pé ó ní láti wo ibòmíràn. Kò sọ ọ́. Ó ní ibi tí ojú máa ń tini dé.

"Ta ló ní kí ẹ sọ ọ́ fún?" ni Rímisá bi í.

"Fún wọn. Ó ní kí n sọ fún wọn."

"Màmá mi wà nínú wọn."

"Ó wà nínú wọn."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá mi gbé láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé kí ni wọ́n ṣe fún un tó fi sá. Èmi, ọmọdé, ni wọ́n ń bi. Ẹ̀yin sì wà ní yàrá kejì."

"Mo wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́."

Rímisá na ọwọ́ gba ìwé náà. Ó wá orúkọ bàbá rẹ̀ nínú rẹ̀ títí ó fi rí i, ó fi àtàǹpàkò eléruku tẹ orí rẹ̀, ó sì fà á kọjá díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá yóò pa rẹ́. Ẹkún kò sí lójú rẹ̀. Ìbínú ló wà níbẹ̀, ó pọ̀, Ìbíjọkẹ́ sì dúró kó lè bà á.

Rímisá fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí i. "Ẹ jókòó, Ìyá Fìyìn. Mi ò tíì dárí jì yín, ẹ má sì bẹ̀ mí lónìí. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin náà lẹ máa sọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Kí ni bàbá mi jẹ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́?"

Ìbíjọkẹ́ jókòó. Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ara rẹ̀ fìdí mọ́ ibì kan. Ó la ọgbọ̀n ọdún kọjá padà sí ilé ìdáná agbo ilé Arówólò, ó wo inú rẹ̀, ó sì rí i.

"Ẹ̀kọ tútù méjì," ni ó wí, "àti àkàrà tó kù láti àná. Ó ń ráhùn pé ata ti pọ̀ jù, ó sì jẹ ẹ́ tán."